Ọta Kan Tó Jẹun Lẹ́ẹ̀mejì

Ọta ìbọn kan tí èmi fúnra mi kì nínú ilé mi, tí mo rọ ẹ̀tù sí lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé mò ń dá ìyá ọkọ mi lóhùn, ni mo lé wọ Igbó Àgbásà fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, nítorí ọkọ mi ti kó o sínú àpò lọ sọ́dẹ.

Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ tán báyìí. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ nílé lè dìde. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ bó ṣe rí, kó fìdí mọ́lẹ̀, kó má sì retí ọ̀rọ̀ dídùn lẹ́nu mi. Mi ò lọ sílé ìwé. Ara àpò sìmẹ́ǹtì àti ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń di àkàrà ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, mo sì ti ṣàkíyèsí pé ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń dún bí agogo, inú rẹ̀ ló máa ń ṣófo bí agogo. Àmọ́ kẹ́ ẹ má fojú di mí. Èmi Ọdẹ́rónkẹ́ yìí, bí àgbọ̀nrín bá rí mi, yóò kọ́kọ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ pé ó dìgbà kan ná, kó tó wá ronú àtisá. Ọkọ mi Ògúnṣàkin náà ń ṣọdẹ. Bí ẹ bá bi í, yóò ní òun mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ. Ẹ má bi í.

Nígbà tí ọta ráífù wọ́n débi pé ọdẹ ń bẹ ẹran kó kú fúnra rẹ̀, mo lọ bá Bàbá Láṣebìkan, ẹni tó ṣe ẹ̀ṣọ́ igbó fún ọgbọ̀n ọdún kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ló ní ẹ̀rọ tí a fi ń kì ọta padà. Ó ràn mí lọ́wọ́ títí mo fi gba ìwé àṣẹ tèmi, ó sì gbé ẹ̀rọ náà fún mi. Kó lè yé ẹ̀yin tí kò mọ̀ ọ́n: bí ọta bá dún tán, ikarahun idẹ rẹ̀ kì í jóná. A ó fọ̀ ọ́ mọ́, a ó tẹ̀ ẹ́ nínú ẹ̀rọ kó padà sí ìwọ̀n rẹ̀, a ó fi kápù tuntun tó ń ṣáná sí ẹ̀tù sídìí rẹ̀, a ó rọ ẹ̀tù sí i, a ó wá fi òjé tuntun dé e lẹ́nu. Létí, ó dà bí ohun tí ọmọdé lè ṣe. Létí nìkan ni.

Bàbá Láṣebìkan kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní, "Ọdẹ́rónkẹ́, ìwọ tó o ti ń yin ṣakabùlà láti kékeré, àrùn kan wà lára rẹ tí a gbọ́dọ̀ wò. Ìka lẹ fi ń wọn ẹ̀tù."

Mo ní, "Ìka mẹ́ta fún ẹtu, ìka mẹ́rin fún ẹran ńlá, sà. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi kọ́ mi."

"Bàbá rẹ dà?"

"Wọ́n ti kú, sà."

"Ọwọ́ wọn pé nígbà tí wọ́n kú?"

Mo ní, "Rárá, sà." Ìka méjì ò sí lọ́wọ́ ọ̀tún bàbá mi láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ó ní, "Ṣó o rí i. Ìka tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù náà ni ẹ̀tù gbà."

Ó wá kọ́ mi. Ohun tí ìwé tó bá ẹ̀tù wá bá sọ ni kí n ṣe. Ìwọ̀n tó kéré jù tí ìwé náà gbà láyè ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, kí n má sì fi ojú díwọ̀n láé. Òṣùwọ̀n ni kí n gbé e lé, lọ́kọ̀ọ̀kan. Irú ẹ̀tù kan ṣoṣo ni kó wà lórí tábìlì, nítorí ẹ̀tù méjì lè jọra bí ìbejì kí ìwà wọn má jọra. Kò gbọdọ̀ sí iná nítòsí, kò gbọdọ̀ sí sìgá, ìkòkò táábà ọkọ mi ò sì gbọdọ̀ yọjú. Kí n fi awò bojú. Kí n ti ilẹ̀kùn. Bí mo bá rọ ẹ̀tù sí gbogbo ikarahun tán, kí n fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n rí i pé wọ́n dọ́gba, kí n tó fi òjé dé ẹyọ kan. "Èyí tó ṣe pàtàkì jù," ó ní, "tó o bá ń rọ ẹ̀tù, o ò sí nílé. Bí ọba bá wá kí ọ, o ò sí nílé." Mo ní mo ti gbọ́. Gbígbọ́ ni mo gbọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ tí mo fẹ́ dá iṣẹ́ náà ṣe, ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Àrìnọlá, ṣé ọbẹ̀ lo fẹ́ sè ni, tó o fi ń wọn nǹkan báyìí?" Mo ní, "Ẹ máa lọ sóko yín. Ogójì ọta ni màá kì, ẹ ò ní rí àbùkù lára ìkankan." Ẹnu mi yìí náà ni mo fi sọ ọ́. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi awò bojú, mo wọn ẹ̀tù tó máa tó ogójì gẹ́lẹ́ sínú abọ́, mo ti ìyókù mọ́ àpótí. Irú ẹ̀tù náà kì í kún ìdajì ikarahun. Ibẹ̀ ni ewu rẹ̀ wà, nítorí ìlọ́po méjì á wọ inú rẹ̀ láìkún jáde. Àmọ́ mo ń kánjú. Bí mo bá ti rọ ẹ̀tù sí ọ̀kan, mo ti ń fi òjé dé e lẹ́sẹ̀ kan náà. Tọ́ọ̀ṣì wà lórí fèrèsé, ó ń wò mí.

Iṣẹ́ ń lọ nígbà tí ìyá ọkọ mi dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó fi oríkì mi pè mí, ó ní, "Àwẹ̀ró, o kú ilé o." Mo dákẹ́. Ó ní, "Àwẹ̀ró ọmọ ọdẹ, ọmọ asúnmọ́-ẹran-má-fọhùn." Mo dákẹ́. Ó ní, "Àbí kò sí nílé ni. Àbí ó wà nílé, tó ń wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bí ẹni tí kò ní ìyá ọkọ." Ẹ̀yin obìnrin tó jókòó síbí, ta ni nínú yín tó máa dákẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta? Mo ṣílẹ̀kùn, mo kúnlẹ̀. Ó béèrè Àrìnọlá, mo ní ó wà. Ó béèrè ẹ̀yìn tó ń dùn mí, mo ní ó ti rọlẹ̀. Ó béèrè ewúrẹ́, ó béèrè bóyá ewúrẹ́ náà ṣì ń bínú. Nígbà tó béèrè gbogbo ohun tó ń mí nínú ilé tán, ó lọ. Mo padà sídìí tábìlì. Àrọ tí mo fi ń rọ ẹ̀tù ṣì wà lẹ́nu ikarahun kan. Ṣé mo ti rọ tirẹ̀ ni, àbí mi ò tíì rọ ọ́? Ọwọ́ mi ní mi ò tíì. Mo gbọ́ tọwọ́.

Nígbà tó yá, ẹ̀tù tán nínú abọ́, ikarahun kan sì ṣẹ́ kù tó la ẹnu sílẹ̀. Mo wo abọ́, mo wo ikarahun. Bí ọ̀kan ò bá jẹun, á jẹ́ pé ọ̀kan ti jẹun lẹ́ẹ̀mejì. Ó wà láàárín mọ́kàndínlógójì tó jọra bí eyín. Ọta tó bá jẹun lẹ́ẹ̀mejì kì í wá ẹran lọ, ẹni tó yìn ín ló ń wá. Á fọ́ ìbọn mọ́ ọn lójú. Ohun tó yẹ kí n ṣe ò le: kí n tú gbogbo wọn, kí n tún wọn kì, kí n sì sọ fún ọkọ mi. Àmọ́ ọkọ mi wọlé dé, ó bi mí pé, "Ọbẹ̀ ńkọ́?" Ẹ̀rín tún ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. Mo ní, "Ó jinná." Mo ní lọ́la, tó bá ti lọ sóko, màá tú wọn láìjẹ́ kó mọ̀. Nígbà tí màá fi jí, ó ti kó mọ́kàndínlógójì sápò, ó ti gba ọ̀nà Igbó Àgbásà. Ikarahun kan tó ṣófo ló fi sílẹ̀ fún mi.

Mo mú ikarahun náà, mo mú àdá, mo mú òṣùwọ̀n kékeré àti òòlù tí a fi ń gbọn òjé jáde lẹ́nu ọta, mo gbọ̀nà. Ẹnu igbó ni mo ti bá Olójúmẹ́ta, iwin tó ń ṣọ́ ibodè. Ó jókòó sórí kùkùté, orúnkún rẹ̀ ga ju òrùlé ilé mi lọ, ojú kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, ọ̀kan níwájú orí. Ráífù ọdẹ kan tó ti kú tipẹ́ wà lórí itan rẹ̀, ó ń fi òróró èkùrọ́ nù ún.

"Ọmọ èèyàn, ó di ibo?"

"Ọkọ mi ni mò ń lé, bàbá."

"Ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ ń lé wọgbó. Ṣé ẹran ló jí nínú ọbẹ̀ ni?"

"Ó kọjá níbí?"

"Ó kọjá. Ó san ohun ibodè, ó fọ́nnu díẹ̀, ó lọ."

"Òun náà nìyẹn."

"Ìwọ náà á san tìrẹ. Kí ló wúwo ju òjé lọ, tí ọmọdé lè gbé rìn, tí àgbà ò lè sọ̀ kalẹ̀?"

Mi ò fẹ́ràn àlọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bèèrè nǹkan, kó bèèrè rẹ̀ tààrà. Mo ní, "Bàbá, mi ò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo bò mọ́ ọkọ mi lójú ló wúwo lórí tèmi. Ẹ jẹ́ kí n kọjá."

Ó rẹ́rìn-ín débi pé ewé ń já lé wa lórí. "O ti dáhùn. Kí lo wá bò mọ́ ọn lójú?"

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ ilé ni."

Ó ní, "Máa lọ."

Ẹ kíyè sí ibẹ̀ yẹn. Ká ní mo là á fún un ni, tàbí ká ní mo bi í pé kí ni ọkọ mi san, ìtàn yìí ì bá parí síbẹ̀, ẹ̀yin ì bá sì ti máa lọ jẹun. Ojú ló tì mí. Obìnrin tí ò bẹ̀rù ẹfọ̀n, ojú ń tì í lọ́dọ̀ iwin.

Mi ò tíì rìn jìnnà tí ìbọn fi dún níwájú. Mo dúró, mo ń retí igbe. Kò sí igbe. Ìró náà yí gbirigbiri lọ bí ìró ìbọn gidi ṣe máa ń yí, mo sì mí. Inú mi dùn pé ọkọ mi yìnbọn, kò sí ohun tó burú tó ìyẹn fún ìyàwó tó máa ń bá a jà pé ó ń fi ọta ṣòfò.

Ní ọjọ́ kejì mo dé odò kan. Ìyá arúgbó kan jókòó sínú omi, omi mù ún dé ìbàdí. Ẹnu mẹ́rìndínlógún ló wà lára rẹ̀, kò ní etí kankan. Àwọn ọdẹ mẹ́rin jókòó sétí odò, koríko ti hù lórí wọn, wọ́n ń sọ pé, "A dúpẹ́, mà. Wọ́n wà, mà. Wọ́n ní ká kí yín, mà." Ìgbà tí mo rí i ni mo mọ̀ pé ẹni tó bá dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan ti di ará ibẹ̀. Ó rí mi. Ohùn ìyá ọkọ mi gan-an ló fi sọ̀rọ̀: "Àwẹ̀ró, o kú ìrìn o." Orúnkún mi tẹ̀ fúnra rẹ̀. "Àwẹ̀ró ọmọ ọdẹ." Ahọ́n mi dìde. Mo yọ ikarahun òfìfo, mo gbé e sáàárín eyín, mo deyín mọ́ ọn bí ẹni tí wọ́n ń wẹ ọgbẹ́ fún. Mo nàró, mo sọdá. Ẹnu mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi: aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni mí, kò sílé tí wọ́n ti tọ́ mi, bí mo ṣe máa ń ṣe sí àgbà nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ, gbogbo ẹni tó ní ẹnu ni mò ń kúnlẹ̀ fún. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ fi ìdúró kọjá lára àgbà. Kí n má purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi.

Ìbọn tún dún, ó súnmọ́ mi. Mo sáré. Mo bá ọkọ mi lẹ́yìn igi àràbà kan, ó ti ki ọta kẹta bọ ìbọn, ó ti di ojú kan. Mo fò mọ́ ọn, mo gbá ẹnu ìbọn sókè. Ìmàdò kan tó tóbi bí àpótí aṣọ ìyàwó sá wọgbó lọ.

"Ìyá Àrìnọlá, ṣé orí rẹ ti yí ni? Ṣé o rí ohun tó o lé lọ?"

"Ẹ sọ ìbọn kalẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Ọbẹ̀ ò jinná."

Mo là á fún un. Ó yọ ọta náà jáde, ó sì sọ ìbọn kalẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ ọlọ́mọ tó sùn. Ó ní, "Mo ti yin méjì, mo fi ìkan pa ẹtu."

"Mo gbọ́ wọn."

"O ò wá sọ fún mi, nítorí pé mo rẹ́rìn-ín."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ̀rín lásán."

"Ẹ̀rín lásán náà ni."

A rí òkúta pẹrẹsẹ kan tí òrùn ń pa, a jókòó ká tú wọn. Ọwọ́ ọkọ mi ń lọ síbi ìkòkò táábà. Mo wò ó. Ó dá a padà sápò bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ẹran. Mo ń fi òòlù gbọn òjé jáde, mo ń da ẹ̀tù sórí òṣùwọ̀n, ó ń kà. Gbogbo rẹ̀ pé ìwọ̀n kan, kò sí èyí tó lé. Mẹ́rìndínlógójì la tú.

Mo ní, "Pẹ̀lú méjì tẹ́ ẹ yìn, ó di méjìdínlógójì. Ìkan tó kù dà?"

Ọkọ mi ń wo èèrà. "Mo fi san ohun ibodè."

"Fún Olójúmẹ́ta."

"Òun ló yàn án. Ó ń gbọn wọ́n sí etí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní gbogbo wọn ń pariwo bí ẹ̀pà nínú èèpo, òun ò sì fẹ́ aláriwo. Ó mú ìkan tí kò dún."

Ọta tó yó kì í dún. Ọkọ mi ní ká dúpẹ́. Ó ní ọ̀nà wà lẹ́yìn igbó tó já sí abúlé wa láìkan ibodè. Iwin kì í ṣe ìbátan ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀. Mo ní, "Èmi ti mọ̀. Ọwọ́ mi ni mo fi kì í." Mo dìde. Ó tẹ̀ lé mi, ó ní kí ẹranko má bàa pa mí jẹ. Ẹ̀rù àtidá dúró ló ń bà á. Nígbà tá a dé odò, mo tún fi ikarahun sáàárín eyín kọjá, mo wá bi í bó ṣe kọjá lọ́jọ́ kìíní. Ó ní, "Kí ló wà níbẹ̀? Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kí mi." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ nílé mọ̀ pé kò purọ́.

Ọjọ́ kẹta la dé ibodè. Olójúmẹ́ta fi ìka méjì mú ọta náà, ó ń fi ewé dán an.

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ọta yẹn ò dáa. Ìlọ́po méjì ẹ̀tù ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá yìn ín, á fọ́ mọ́ yín lójú. Ẹ dá a padà fún mi."

"Ẹni tó rin odidi igbó padà wá gba ohun tí kò dáa. Mo gbọ́."

"Ẹ gba ẹtu tí ọkọ mi pa dípò rẹ̀."

"Ẹtu kan fún ọta kan. Kí lẹ tún ní?"

"Ẹ gba àdá mi kún un. Ẹ gba àpò."

"Ọta yìí mà ga o."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ná ọjà mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá fi han ọlọ́jà pé òun fẹ́ nǹkan, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. Ọkọ mi fi ìgúnpá gún mi. Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé kí n dìde, kí n pòṣé, kí n ṣe bí ẹni tó ń lọ, bàbá náà á pè mí padà. Ọgbọ́n gidi ni. Àmọ́ mo ti fi ọgbọ́n bo ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, mi ò fẹ́ ṣe é mọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìyọ ọ̀kan: àrọ, ìyá ọkọ mi, ewúrẹ́ tó ń bínú, abọ́ tó gbẹ. Ó gbọ́ ọ títí dé ìparí.

Ó ní, "Ìtàn dídùn. Ẹnu rẹ dùn." Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Ó ní, "Ojú mi ọ̀tún ni mo fi ń wo ẹni tó ń bọ̀. Ti òsì ni mo fi ń wo ẹni tó ń lọ. Iṣẹ́ ibodè ni ìyẹn. Ti àárín yìí, tèmi ni. Ohun tó bá wù mí ni mo fi ń wò. Láti àárọ̀ ni mo ti ń fi wo ọmọ ẹyẹ kan lókè ìrókò yẹn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò, ìwọ ni mo dúró gbọ́. Níjẹta tó o kọjá, mo bi ọ́ ní ohun tó o bò. O ò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Ká ní o sọ ọ́ nígbà yẹn, ǹ bá gbà ọ́ gbọ́. Lónìí o fẹ́ nǹkan."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

Ó ki ọta náà bọ ìbọn, ó gbé e dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó dojú rẹ̀ kọ òkè níbi tí kò sí ẹran kankan, ó kàn fẹ́ gbọ́ bó ṣe máa dún ni. Ọkọ mi wọ́ mi sẹ́yìn igi. Ìró náà ò yí gbirigbiri. Ojú kan ló ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló parí sí.

Iwin kì í kú bọ̀rọ̀. Títí dòní ló ṣì wà níbẹ̀ lórí kùkùté, ojú ọ̀tún rẹ̀ ń wo ẹni tó ń bọ̀, ti òsì ń wo ẹni tó ń lọ. Ti àárín ni ọta mi gbà lọ́wọ́ rẹ̀.